TA NI YÓÒ PÍN OÚNJẸ NÁÀ?

Nínú àdúrà tí Olúwa fi kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà níbẹ̀, àní ó ṣáájú ọ̀rọ̀ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ pàápàá (Mátíù 6:11-12). Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gba àdúrà yìí láti ìgbà tí a ti wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í fi etí sí ohun tí a ń sọ mọ́. Olúwa kò kọ́ wa pé kí olúkúlùkù máa bèèrè oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. "Wa" ni ó fi sí wa lẹ́nu, kì í ṣe "mi". Ẹni tí ó bá gba àdúrà yẹn lówùúrọ̀ ti bèèrè oúnjẹ fún ara rẹ̀, ó ti bèèrè fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé, ó sì ti bèèrè fún ọmọ tí kò rí rí ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn kan máa ń bi wá pé, bí Ọlọ́run bá ń gbọ́ àdúrà yìí, kí ló dé tí ebi fi ń pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ láyé? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lé e lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò ni pé Ọlọ́run ti dáhùn. Ilẹ̀ ń so, oúnjẹ tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ibi pípín ni ọ̀rọ̀ ti há, ọwọ́ ènìyàn ni pípín sì wà.

ÀPÒ MÉJE FÚN ẸNÌ KỌ̀Ọ̀KAN

Gbogbo ọkà tí a ń kórè ní ayé lọ́dún kan, ìyẹn ìrẹsì, àgbàdo, àlìkámà, ọkà bàbà àti irú wọn, tó nǹkan bí bílíọ̀nù 2.8 tọ́ọ̀nù. Àwa ènìyàn tí a wà láyé lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 8. Ẹ gbé ìwé àti bírò, kí ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wa. Bí a bá pín ọkà yìí dọ́gba-dọ́gba, nǹkan bí kílò 350 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpò oníkílò 50 méje nìyẹn. Méje fún bàbá, méje fún ìyá, méje fún ọmọ tí wọ́n bí lánàá tí kò tíì mọ̀ ju ọmú lọ. A kò tíì ka iṣu, a kò ka ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja, ẹyin, ẹran àti èso.

Síbẹ̀, ìròyìn tí àwọn ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2025 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 673 ènìyàn ni ebi ń pa ní ọdún 2024. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 300, èyí tí í ṣe ju ẹnì kan lọ nínú ènìyàn márùn-ún. Ebi tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti ẹni tí ó gbààwẹ̀ títí di agogo mẹ́ta. Ti ẹni tí kì í jẹun kánú láti ọdún dé ọdún ni wọ́n ń sọ.

Níbo wá ni àpò méje náà gbà lọ? Apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ni àwọn ẹran ọ̀sìn ń jẹ, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ tí owó wà. Ní Amẹ́ríkà, ju ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàdo tí wọ́n ń kórè ni ó ń di epo tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù nínú ọkọ̀. A kò sọ pé kí adìyẹ má jẹun o, nítorí àwa náà ń jẹ ẹyin. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó ní mọ́tò àti ẹni tí kò ní oúnjẹ alẹ́ jọ dúró síwájú àgbàdo kan náà, ẹni tí ó ní owó ni wọ́n sì ń tà á fún.

Apá mìíràn ń lọ sí ààtàn. Ní ọdún 2022, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí àyíká ti ròyìn, oúnjẹ tí a dànù ní ilé, ní ilé oúnjẹ àti ní ṣọ́ọ̀bù ju bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jáde, kì í ṣe ilé ìtura ńláńlá.

ÌYÀN TÍ KÌ Í ṢE Ọ̀DÁ LÓ FÀ Á

Bóyá ẹlòmíràn á ní ìṣirò lásán ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a mú ibì kan, kí a wo bí oúnjẹ ṣe lè wà kí ènìyàn sì máa kú.

Ọ̀pọ̀ wa ni a gbọ́ ìtàn ogun Bọ́mà lẹ́nu àwọn bàbá àti bàbá wa àgbà. Ní ọdún 1943 ni ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yòókù lọ sí Índíà, láti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn ará Jàpáànì kúrò ní Bọ́mà. Agbègbè Índíà tí ó bá Bọ́mà pààlà ní ẹsẹ̀ òkun nígbà náà ni Bengal. Lónìí, apá kan rẹ̀ wà ní Índíà, apá kejì sì ni orílẹ̀-èdè Bangladesh. Ní ọdún 1943 yìí kan náà, ìyàn mú ní Bengal. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ebi pa, pẹ̀lú àwọn tí àrùn rí gbé ṣe nítorí ebi ti sọ wọ́n di aláìlágbára, wà láàárín mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lókèèrè yóò kọ́kọ́ rò pé ọ̀dá ni, tàbí pé eéṣú jẹ oko wọn. Òótọ́ ni pé ìjì líle kan jà ní etíkun wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, ó ba oko jẹ́, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Òótọ́ sì ni pé ìrẹsì tí ó máa ń ti Bọ́mà wá kò wá mọ́ nígbà tí àwọn ará Jàpáànì gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀mọ̀wé Amartya Sen, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bengal, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1998, yẹ àkọsílẹ̀ ìgbà náà wò fínnífínní, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1981. Ó rí i pé oúnjẹ tí ó wà ní Bengal ní 1943 kò fi ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 kéré sí ti ọdún márùn-ún tí ó ṣáájú. Ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti ọdún 1941 lọ. Ní 1941, kò sí ìyàn.

Bí a bá fi èyí ro ọ̀rọ̀, a ó rí i pé ọ̀wọ́n ni ó pa wọ́n. Ìjọba ń náwó ogun bí ẹni tí ń da omi. Owó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àti ní bárékè, àwọn oníṣòwò ń kó ìrẹsì pamọ́ nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò tún wọ́n sí i, ìjọba náà sì ń rà á ní iye yòówù láti fi bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Calcutta tí í ṣe olú-ìlú wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, òṣùwọ̀n ìrẹsì kan tí ó tó nǹkan bí kílò 37 jẹ́ rúpì 13 sí 14. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹta ọdún 1943, ó ti di rúpì 21. Ní oṣù Kẹjọ, rúpì 37 ni.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo àwọn tí ó kú, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Àgbẹ̀ tí ó ní ìrẹsì nínú àká tirẹ̀ kò kú púpọ̀. Òṣìṣẹ́ Calcutta tí ọ̀gá rẹ̀ ń ta ìrẹsì fún un ní owó pọ́ọ́kú kò kú. Àwọn alágbàṣe oko ló kú, àwọn tí owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò lé nígbà tí ìrẹsì ń lé. Àwọn apẹja kú. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kú, nítorí pé ní 1942 ìjọba bẹ̀rù pé àwọn ará Jàpáànì lè gba ojú omi wọlé, wọ́n sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tàbí kí wọ́n bà á jẹ́, láìro ohun tí ẹni tí ó fi ọkọ̀ ń jẹun yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó sì lè yà yín lẹ́nu pé àwọn onígbàjámọ̀ wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ jù. Bí ìrẹsì bá wọ́n, ohun tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ yọwọ́ nínú rẹ̀ ni irun gígẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ tí ó mú, ọwọ́ rẹ̀ kò rọ, kò ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wá. Ọjà kún fún ìrẹsì ní iwájú rẹ̀. Ohun tí yóò fi rà á ni kò sí.

Àwọn ará abúlé wá ń fẹsẹ̀ rìn wọ Calcutta láti tọrọ oúnjẹ, ẹ̀bá títì ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí oúnjẹ wà. Ìjọba kò sì kéde pé ìyàn mú. Ìgbà tí ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ The Statesman tẹ fọ́tò àwọn tí ń kú jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1943 ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ní oṣù Kẹwàá, gómìnà àgbà tuntun tí ń jẹ́ Wavell dé, ó sì pàṣẹ fún àwọn sójà láti máa kó oúnjẹ lọ sí àwọn abúlé. Ohun tí sójà lè ṣe ní oṣù Kẹwàá, wọn ì bá lè ṣe é ní oṣù Karùn-ún.

Sen kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà náà. Ó sọ pé bàbá òun àgbà fún òun ní agolo sìgá kékeré kan, ó ní kí òun máa bu ìrẹsì kún inú rẹ̀ fún ẹbí tí ó bá wá tọrọ, agolo kan fún ẹbí kan, kí ó lè kárí. Ó tún sọ pé nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé òun àti àwọn ẹbí wọn, ebi kò pa ẹnikẹ́ni. Ní ìlú kan náà, ní ọdún kan náà!

Bákan náà ni ó rí ní Ireland láàárín 1845 sí 1852. Àrùn ba ọ̀dùnkún tí àwọn tálákà fi ń gbéra jẹ́, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń kó ọkà àti bọ́tà láti èbúté wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Sudan, níbi tí oko ìrinmi Gezira wà, ọ̀kan nínú èyí tí ó tóbi jù láyé, ìyàn mú ní àgọ́ Zamzam ní 2024 nítorí pé àwọn tí ń jagun kò jẹ́ kí oúnjẹ kọjá.

ILÉ WA ŃKỌ́?

Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ń kórè ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu. Ẹni tí ó bá dé Mile 12 ní Èkó ní àkókò tòmátì á mọ ohun tí à ń wí: wọ́n ti kó o sínú apẹ̀rẹ̀ láti òkè Ọya, ọ̀nà jìn, ọ̀nà kò dára, oòrùn mú, ti ìsàlẹ̀ sì ti fọ́ kí tírélà tó já ẹrù. Àgbẹ̀ ní òkè lọ́hùn-ún kò jèrè, ìyàwó ilé ní Èkó ra gbówó lórí. Omi pupa ni ó ṣàn sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa ni a mọ bí ọjà ti rí. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, oúnjẹ fi ju ìdá 40 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ìrẹsì wà ní Bódìjà. Gàrí wà. Ẹ̀wà wà, àwọn tí ń tà á sì jókòó tì í. Arábìnrin tí ó ń ránṣọ ni kò rí aṣọ rán mọ́, nítorí pé ẹni tí ó ń ra gàrí ní ìlọ́po méjì kò ní dá aṣọ ọdún. Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ Bengal ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra nípa bí a ṣe ń lo 2 Tẹsalóníkà 3:10. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù kan pé ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù bá wí. Kò bá ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò rí, tàbí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ra oúnjẹ, wí rárá.

A ní àwọn oníṣòwò oúnjẹ nínú ìjọ, a sì ń dúpẹ́ fún wọn, nítorí bí kò bá sí wọn, iṣu ì bá máa jẹrà ní oko. Ṣùgbọ́n Òwe 11:26 wà nínú Bíbélì. Ó sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí ẹni tí ó ti ọkà mọ́lé, ó sì sọ ibi tí ìbùkún ń lọ. Ẹ kà á fúnra yín. Ẹni tí ó ń mú ìdámẹ́wàá èrè wá láti inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìdámẹ́wàá náà nu ègún ẹsẹ̀ yẹn kúrò.

Jósẹ́fù náà kó ọkà jọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti kó o: ìdá kan nínú márùn-ún ní ọdún tí ó pọ̀, ó sì fi oúnjẹ oko àyíká ìlú kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú ìlú náà gan-an (Jẹ́nẹ́sísì 41:48). Kò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ààfin Fáráò. Nígbà tí ìyàn dé, oúnjẹ ti wà nítòsí àwọn tí yóò jẹ ẹ́. Orí 47 ni a kì í sábà wàásù lé lórí, níbi tí àwọn ará Íjíbítì ti ta màlúù, ta ilẹ̀, tí wọ́n sì ta ara wọn nítorí ọkà kan náà. Wọ́n yè, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹrú. Ìwé Mímọ́ kò fi èyí pamọ́, kò sì yẹ kí àwa fi pamọ́.

OṢÙ KEJÌLÁ, ỌDÚN 2024

A fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí pé nítòsí wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí ọgbà ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn fún àríyá Kérésìmesì pẹ̀lú ìlérí ẹ̀bùn àti oúnjẹ. Àwọn òbí ti kó ọmọ wọn dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Èrò pọ̀ ju ohun tí ẹnubodè gbà lọ. Ọmọ 35 ni wọ́n tẹ̀ pa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ 21, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Òkìjà ní Ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ìrẹsì, àti ní Àbújá, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tí ó kú lé ní 60.

A kò jókòó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbí, ilé ẹjọ́ àti ìjọba ni ó ni iṣẹ́ yẹn. Oúnjẹ wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìfẹ́ láti fúnni sì wà. Bí wọn yóò ṣe pín in ni ó di ikú. Bí ìyá kan bá lè jí ọmọ rẹ̀ ní òru, kí ó pọ̀n ọ́n, kí ó sì lọ dúró ní ẹnu géètì nítorí ìrẹsì, ẹ má ṣe pè é ní ojúkòkòrò. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n jẹ lánàá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Olúwa wa ní aginjù. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ìṣù búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì. A ti wàásù lórí ọmọdékùnrin náà, a ti wàásù lórí ìbùkún tí Jésù súre, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a máa ń fò kọjá. Kí ó tó bu búrẹ́dì náà, ó ní kí wọ́n mú àwọn ènìyàn jókòó. Máàkù 6:39-40 sọ pé wọ́n jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lórí koríko tútù, Lúùkù 9:14 sì sọ pé àádọ́ta-àádọ́ta ni. Ọkùnrin 5,000, bí a bá pín wọn ní àádọ́ta-àádọ́ta, ọ̀wọ́ 100 ni. Àpọ́sítélì 12 ni ó ń gbé oúnjẹ kiri, nítorí náà nǹkan bí ọ̀wọ́ mẹ́jọ ni ó kan olúkúlùkù. Ẹni tí ó jókòó kò lè tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Oúnjẹ ni ó rìn lọ bá wọn, wọn kò sáré tọ oúnjẹ. Mátíù 14:21 sì sọ fún wa pé àwọn obìnrin àti ọmọdé wà níbẹ̀ tí wọn kò kà mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ pé Olúwa gbé búrẹ́dì náà sí ojú kan tí ó ní kí wọ́n wá mú, ta ni ìbá kọ́kọ́ ṣubú?

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ kí ohunkóhun má ṣe ṣègbé (Jòhánù 6:12). Ẹni tí ó lè sọ márùn-ún di ọ̀pọ̀ yanturu ni ó ń kó èérún jọ o.

IṢẸ́ ẸNI TÍ Ó KÚN FÚN Ẹ̀MÍ

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, ìjọ tí ó gba iná ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì kan náà ni ìkùnsínú ti bẹ́ sílẹ̀ nítorí oúnjẹ. Wọ́n ń pín in lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fo àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríkì. Bóyá ẹni tí ń pín in kò gbọ́ èdè wọn, bóyá kò mọ ilé wọn. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé kí àwọn opó náà lọ gbààwẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, wọ́n sì sọ irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́: olórúkọ rere, ẹni tí ó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n. Fún iṣẹ́ kí ni? Fún pípín oúnjẹ. Wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Gíríkì sì ni orúkọ àwọn méjèèje, ìyẹn ni pé àárín àwọn tí wọ́n ń fò ni wọ́n ti yan àwọn tí yóò máa pín in. Ẹsẹ̀ keje sọ ohun tí ó tẹ̀lé e: ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tàn kálẹ̀, iye àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sì pọ̀ sí i gidigidi.

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ẹni tí ó kún fún Ẹ̀mí ni a ń fún ní gbohùngbohùn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wà nítòsí ni a ń pè pé kó wá pín ìrẹsì. Àwọn àpọ́sítélì kò fi iṣẹ́ náà lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n bèèrè fún yẹn, ohun ojúmọ́ ni. Kí orúkọ wà nínú ìwé kí oúnjẹ tó dé. Àwọn tí ń darí ìpàdé inú ilé ni ó mọ ẹni tí kò dáná lánàá, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ ti yẹ kí ó wá, kì í ṣe láti orí pèpéle pé "ẹni tí ebi bá ń pa kí ó jáde síta." Arúgbó kì í jáde síta. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá lánàá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní jáde. Ẹ gbé e lọ sí ilé wọn, ẹ fi fọ́tò yíyà sílẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ oṣooṣù, nítorí oṣù Kẹfà àti oṣù Keje tí iṣu tuntun kò tíì wọlé dáadáa ni ebi máa ń mú jù, kì í ṣe ọjọ́ Kérésìmesì tí gbogbo ènìyàn ń se ìrẹsì.

Ìjọ Áńtíókù tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wòlíì Ágábù sọ pé ìyàn ń bọ̀, wọn kò dúró kí ó dé (Ìṣe 11:27-30). Olúkúlùkù dá owó gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti tó, wọ́n sì fi rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sí àwọn alàgbà ní Jùdíà, ọ̀nà jíjìn réré, sọ́dọ̀ àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí rí. Ẹni méjì tí ìjọ fọkàn tán jù ni wọ́n fi gbé owó oúnjẹ.

Ìjọ kékeré kò sì lè sọ pé agbára òun kò ká a. Bí ilé 40 bá wà nínú ìjọ kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń mú kóńgò ìrẹsì tàbí gàrí kan wá ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, kóńgò 40 nìyẹn. Bí opó, arúgbó àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé bá jẹ́ mẹ́jọ, kóńgò márùn-ún-márùn-ún ni yóò kàn wọ́n. Kí àwọn díákónì méjì wọ̀n ọ́n níṣojú ara wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ sì gbé e dé ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.